Àtúndá Resident Evil 4: géèmù tó mọ̀ pé a ti mọ òun tẹ́lẹ̀

Resident Evil 4 tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023 kì í ṣe géèmù tuntun pátápátá, kì í sì í ṣe ti àtijọ́ tí wọ́n kàn nù lójú. Èyí àkọ́kọ́ jáde lórí ẹ̀rọ géèmù GameCube ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, kí ọdún náà sì tó parí ó ti dé orí PlayStation 2, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn yàrá géèmù tí a ti ń sanwó ní wákàtí wákàtí, bọ́ọ̀lù ló ń gba gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó dára. Èyí tó kù ní igun, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá, ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún àwa tí abúlé Resident Evil 4 wù ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. A gbá a débi pé a mọ ibi tí ọta ìbọn wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, a mọ fèrèsé tí àwọn ọ̀tá yóò gbà wọlé, a sì mọ ìgbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yóò dún tí gbogbo wọn yóò fi wá sílẹ̀ lọ.

Ìyẹn gan-an ni ìṣòro ẹni tó bá fẹ́ tún irú géèmù bẹ́ẹ̀ dá. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Báwo ni wọn yóò ṣe wá fi abúlé tí a ti mọ̀ tinú-tẹ̀yìn dẹ́rù bà wá lẹ́ẹ̀kejì? Ọ̀nà tí Yasuhiro Ampo àti Kazunori Kadoi, àwọn olùdarí méjèèjì, gbé e gbà ni pé wọ́n gbà pé a mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi ohun tí a mọ̀ yẹn dẹ tàkúté fún wa. Kódà, nígbà tí a bá fẹ́ yan bí géèmù náà yóò ṣe le tó, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ìpele tí wọ́n pè ní Hardcore pé àwọn tó ti gbá èyí àtijọ́ ló wà fún. Ìpele yẹn ni mo yàn, òun sì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín.

Ìtàn rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Leon S. Kennedy, ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà rán níṣẹ́, lọ sí abúlé kan ní ilẹ̀ Sípéènì láti gba Ashley Graham, ọmọbìnrin ààrẹ wọn, tí àwọn ẹlẹ́sìn òkùnkùn kan jí gbé. Kòkòrò kan ti wọ ara àwọn ará abúlé náà, ó sì ti gba ọkàn wọn. Láti abúlé ni a ti ń lọ sí ilé olódi, láti ilé olódi sí erékùṣù, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní 2005.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìjà àkọ́kọ́ tó wáyé ní gbàgede abúlé náà. Nínú èyí àtijọ́, ẹni tó bá gbọ́n a máa sá gun àkàbà ilé ìṣọ́ kan tó wà níbẹ̀. Lókè yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbà bá a, yóò sì máa fara balẹ̀ yìnbọn lù wọ́n títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju iná sókè. Kò sí ẹni tí kò mọ ọgbọ́n yìí láàárín wa. Nínú èyí tuntun, ilé ìṣọ́ náà ṣì wà ní ipò rẹ̀, àkàbà rẹ̀ sì ń pe ènìyàn. Mo gùn ún. Pákó abẹ́ ẹsẹ̀ Leon já, ó sì ṣubú padà sáàárín àwọn tó ń sá fún. Ẹni tí kò gbá èyí àtijọ́ rí lè má tilẹ̀ ronú láti gun ibẹ̀. Àwa ni wọ́n ṣe é fún. Ajá ńkọ́? Ní 2005, nígbà tí a kò tíì rìn jìnnà rárá, a máa ń rí ajá kan tí tàkúté irin mú lẹ́sẹ̀. Bí a bá tú u sílẹ̀, yóò padà wá ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń bá òmìrán tí wọ́n ń pè ní El Gigante jà. Ní 2023, mo sáré lọ síbẹ̀ láti tú u, òkú ajá ni mo bá. Mo bínú sí wọn gan-an, àfi ìgbà tí mo dé iwájú tí mo rí ajá mìíràn láàyè nínú tàkúté mìíràn, níbi tí n kò fọkàn sí.

Kí a tó yin àwọn tó tún un dá, ó yẹ kí a sọ ohun tí Shinji Mikami, olùdarí ti 2005, ṣe. Òun ló gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìn èjìká Leon pé kí a máa wo ogun láti ibẹ̀, àwọn géèmù ìbọn tó sì ti tẹ̀lé àṣà náà láti ìgbà yẹn kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé bí Leon bá ti na ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò lè rìn, kò lè sún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìwòyí ń pe èyí ní àbùkù, èmi kò sì gbà fún wọn. Àwọn ará abúlé a máa sáré bọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sún mọ́ wa, wọn a dẹ ẹsẹ̀, wọn a wá máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àkókò kékeré yẹn la fi ń pinnu bóyá orúnkún la ó yìnbọn sí kí ẹni náà lè wólẹ̀, tàbí orí, kí òòyì lè kọ́ ọ kí a sì ta á nípàá, tàbí kí a gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀ kí a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nítorí pé Leon dúró ni wọ́n ṣe rọra ń bọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ èkejì pẹ̀lú.

Ampo àti Kadoi yọ méjèèjì. Leon ti ń rìn bó ti ń yìnbọn, àwọn ará abúlé kò sì dúró de ẹnikẹ́ni mọ́: wọ́n ń yọ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń ju àáké, ọ̀kan yóò di Leon mú láti ẹ̀yìn kí èkejì lè rí i gbá. Ohun tí wọ́n fi dípò àkókò ìpinnu tó lọ yẹn ni ọ̀bẹ. Bí àáké bá ń bọ̀ tí a sì tẹ bọ́tìnnì ní àsìkò, Leon yóò fi ọ̀bẹ gbà á dànù. Ọ̀bẹ yìí tilẹ̀ ń dá ẹ̀rọ ìgégi tó ń ké dúró, irin á máa ha irin, iná á máa ta, mànẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbá géèmù á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni bí ẹni tí ibà mú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a bá lò ó ló ń gbó. Bó bá gbó tán, ó dá nìyẹn, a ó sì máa wá ọlọ́jà tó fi aṣọ bojú náà kiri láti sanwó àtúnṣe, owó tí à bá fi mú kí ìbọn wa lágbára sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gba àáké dànù, ìrònú ọ̀hún sì ni mo rò pé wọ́n fẹ́ dá padà fún wa.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti so èso jù lọ ni ìjà Leon àti Jack Krauser, ọmọ ogun tó ti jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Ní 2005, bí fíìmù ni ìjà ọ̀bẹ wọn rí: àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, àwa á máa wò, bọ́tìnnì kan á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lójijì, ẹni tí kò bá sì tètè tẹ̀ ẹ́ ti kú. Ẹni tó bá yíjú gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà náà ti kú. Ní 2023, àwa fúnra wa là ń jà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀bẹ sí ọ̀bẹ, láìsí ìbọn, a sì ti ní láti mọ bí a ṣe ń wo apá ẹni tó ń bọ̀ kí a tó débẹ̀. N kò rí àtúndá kankan tó fi àléébù àtijọ́ ṣe ohun tó dára tó èyí.

Ti Ashley náà sunwọ̀n. Láyé ọjọ́un, ó ní ìwọ̀n ẹ̀mí tirẹ̀, egbòogi tí a bá rí a gbọ́dọ̀ pín in fún un, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n ti yọ ìwọ̀n yẹn kúrò; bí wọ́n bá lù ú, yóò ṣubú, a ó lọ gbé e dìde kí wọ́n tó tún lù ú. A lè ní kó sún mọ́ wa tàbí kó fà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n yọ ló yẹ kí wọ́n yọ. Ramón Salazar, olówó ilé olódi náà, tó kúrú tó sì gbéra ga, a máa pe Leon lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní 2005 kí wọ́n lè jọ bú ara wọn bí àwọn ọmọ iléèwé, nígbà tó sì yá, ère ara rẹ̀ tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wa. Ìwà wèrè ni, ó sì dùn. Èyí tuntun ti tẹ ọ̀pọ̀ àwàdà yẹn rì. Ojú gbogbo ènìyàn ló le, òkùnkùn pọ̀, Leon alára ń rìn bí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Mo tún ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ọta bá ti bà wọ́n lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ààyè ìpàá ti ṣí sílẹ̀. Nísinsìnyí, nígbà mìíràn ẹni náà á gba ọta sórí, á sì máa bọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpinnu tí mo ṣe kò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn, èmi kò sì ka irú ìdẹ́rùbani bẹ́ẹ̀ sí ọgbọ́n.

Àṣà fífi ohun tí a mọ̀ dẹ́rù bà wá yìí, ọwọ́ Mikami fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2002 ó tún Resident Evil ti 1996 dá, ó sì jẹ́ kí àwọn òkú tí a ti yìnbọn pa máa jí padà, kí wọ́n sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bí a bá sun wọ́n tàbí kí orí wọn ti fọ́. Ẹni tó ti mọ ilé ńlá tí ìtàn náà ti wáyé dunjú kò lè rìn ín bó ti máa ń rìn ín mọ́. Ampo àti Kadoi, tí wọ́n tún darí àtúndá Resident Evil 2 ní 2019, gba ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ti 1998, tí Hideki Kamiya darí, ibi pàtó ni ọkùnrin gìrìwò tí wọ́n ń pè ní Mr. X ti máa ń yọjú. Ní 2019 ó ń rìn kiri gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lókè orí wa, igun tó jẹ́ tiwa sì kù díẹ̀. Àtúndá Resident Evil 3 ti 2020, tí kì í ṣe ọwọ́ wọn, kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: ilé agogo ńlá tí a máa ń wọ inú rẹ̀ ní 1999 ni wọ́n yọ dànù, wọn kò sì fi ohun tó tó o dípò. Final Fantasy VII Remake ti 2020, tí Tetsuya Nomura darí, gba ọ̀nà mìíràn. Òun mú ọ̀ràn náà wọ inú ìtàn fúnra rẹ̀, àwọn iwin kan ń fò kiri láti rí i pé ìtàn 1997 kò yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo gbádùn ìjà rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iwin yẹn ń sọ̀rọ̀ jù fún mi. Ní ti Shadow of the Colossus, tí Fumito Ueda darí ní 2005, ilé-iṣẹ́ Bluepoint tó tún un dá ní 2018 kò yí eegun rẹ̀ padà rárá. Àwọn òmìrán 16 ṣì jẹ́ 16, aṣọ ara wọn nìkan ló dára sí i. N kò dá wọn lẹ́bi. Géèmù tí Ueda ti yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò nínú rẹ̀, kí ni ènìyàn tún fẹ́ yọ?

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra Resident Evil 4 ní ìlú wa, mo dá a lámọ̀ràn kó wá díìsìkì rẹ̀, nítorí pé ó lé ní 50 GB, owó íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó fi fà á wálẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lórí PS4 àlòkù tí ọ̀pọ̀ wa ní, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti PS5, ẹ̀rọ náà á sì máa mí gùlegùle nígbà ooru. Ohùn Faransé wà nínú rẹ̀, èyí tí kò sí ní 2005 tó jẹ́ àkọlé nìkan ni a ń kà. Àwọn àbúrò mi tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé ìtàn náà láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Géèmù náà ń fi ibi tí a dé pamọ́ fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí orí ìpele Professional tó le jù, níbi tó ti jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà káàkiri inú géèmù náà nìkan ló lè fi í pamọ́. Níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó yan ìpele yẹn.

Ohun tó bí mi nínú ni owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti kọ èrò wọn sílẹ̀ tán, Capcom bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì tí a lè fi owó gidi rà láti mú ìbọn lágbára. Separate Ways, apá ìtàn tó jẹ́ ti Ada Wong, obìnrin amí kan, wà nínú díìsìkì PlayStation 2 láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, lọ́tọ̀ ni wọ́n tà á. Ó dára, ó gùn ju ti àtijọ́ lọ, àwọn ohun kan tí wọ́n yọ kúrò nínú ìtàn Leon sì padà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kánjú lè dúró de ìgbà tí wọ́n bá ta á pọ̀ mọ́ géèmù náà ní ẹ̀dínwó, kó tó ra méjèèjì.