Ẹ̀rọ afàwé àti mówà tó ń lọ ewé: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé?

Ẹ̀yin ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlá ní Maryland àti Washington DC, ìgbà ìwọ́wé ló ń bọ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ márùn-ún. Ohun méjì ni wọ́n máa ń fi hàn yín nílé ìtajà: ẹ̀rọ afàwé, ìyẹn èyí tó ń fa ewé, tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àti mówà, ẹ̀rọ tí à fi ń gé koríko, tí wọ́n fi bíléèdì tó ń lọ ewé sí. Mo ti ní méjèèjì. Agbára ẹ́ńjìnì wọn wà lára páálí, n kò ní kà á fún yín.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ó ṣì nílò blower, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn láti kó ewé jọ. Láti Oṣù Kìíní ọdún 2022 ni Washington DC ti fòfin de èyí tó ń lo epo, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó $500. Montgomery County ní Maryland náà de títà rẹ̀ ní Oṣù Keje 2024, wọ́n sì de lílò rẹ̀ ní Oṣù Keje 2025. Ẹ ra oníbátìrì, kí ẹ sì ra bátìrì kún bátìrì.

Ó kan ẹ̀rọ afàwé. Bí ewé bá gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ wuni: ó ń fà á, ó ń rún un, ó ń tú u sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ ó gbé e lọ? Ewé tó ti wọ ọkọ̀ yín ti di ẹrù yín nìyẹn. Ẹ ó wakọ̀ lọ síbi ìdalẹ̀nù, ẹ ó tò sórí ìlà, wọ́n á wọn ọkọ̀, ẹ ó sanwó. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n ń gba owó lé, ewé tí òjò pa sì wúwo. Ní gbogbo àsìkò yẹn, owó wákàtí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gorí ara wọn.

Èyí tí mo rà ní àlòkù fojú mi rí màbo. Ẹni tó tà á ní kò lábùkù kankan, àṣé irin tó bo inú ilé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, igi wẹ́wẹ́ àti èso igi óákù ti lù ú di fẹ́lẹ́. Bí ewé tutù bá ti há, a ó pa ẹ́ńjìnì, a ó tú rọ́bà ńlá tí ewé ń gbà wọlé, ẹnì kan á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká, á máa yọ ewé tó ti ki bí ògì tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán. Àwọn yòókù á dúró, oníbàárà á máa wò wá láti ojú fèrèsé. Bí ẹ bá máa ra àlòkù, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ẹ ṣí i, kí ẹ fọwọ́ yín tẹ irin inú yẹn kí ẹ tó sanwó.

Mówà kò ní ọ̀rọ̀ ibi ìdalẹ̀nù rárá. Àwọn olùwádìí Michigan State University ti fi hàn pé a lè lọ ewé tó nípọn tó ìǹṣì 6 mọ́ koríko láìpa á lára. Ẹ gbé bíléèdì sókè sí ìǹṣì 3, ẹ rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ tún gba orí rẹ̀ kọjá ní ìbú. Bí koríko bá ń yọjú láàárín èérún ewé, ó ti tó. Kí bíléèdì ṣáà mú. Kò dára fún ewé tutù, kò wọ abẹ́ òdòdó, ẹ má sì lò ó lórí koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ní Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí gbogbo ewé bá bọ́ tán, torí óákù lè má tíì gbọn tirẹ̀ dànù títí di Oṣù Kejìlá.

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tó bá a mu. Ẹni tó ní ilẹ̀ tirẹ̀ tó lè da ewé sí kó jẹrà, tó sì ń tọ́jú ọgbà ńláńlá, lè ra ẹ̀rọ afàwé. Ẹni tó ń ṣe ilé gbígbé, mówà, blower àti tapólì kan ti tó o. Ní apá kan Montgomery, county fúnra rẹ̀ máa ń wá fa ewé tó wà létí títì, kí ẹ wo ọjọ́ wọn. Bí iṣẹ́ ńlá kan bá sì dé lójijì, ẹ háyà ẹ̀rọ afàwé fún ọjọ́ kan péré, kí ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.