Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Sípánà Onígíà: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Nọ́ọ̀tì Táyà Tírélà?

Nọ́ọ̀tì táyà tírélà tó ti gán kì í gbọ́ ti agbára apá. Ẹni tó bá ki páìpù gígùn bọ sípánà lásán, tó sì gorí rẹ̀, bóòtù lè kán sí i lábẹ́, páìpù sì lè fò ṣe é léṣe. Ohun méjì ló kù tí à ń rà: ìbọn afẹ́fẹ́ olórí íǹṣì kan, tí afẹ́fẹ́ láti inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú tánkì) ń yí, àti sípánà onígíà tí à ń fi ọwọ́ yí, tí gíà inú rẹ̀ ń sọ agbára ọwọ́ di púpọ̀.

Ibi tí owó ti ń jò ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ra ìbọn máa ń wo ìbọn nìkan, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìbọn ń fẹ́ 90 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) lẹ́nu ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé, nígbà tí ìbọn ń yí lọ́wọ́, kì í ṣe nígbà tó dákẹ́. Géèjì ara tánkì lè máa sọ 120, kí èyí tó dé ọ̀dọ̀ ìbọn má tó 70. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín ló jẹ ìyókù. Họ́ọ̀sì 3/8 íǹṣì tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku kò lè bọ́ ọ yó. 3/4 íǹṣì ló yẹ ẹ́. Ẹ tún wo orí tó so họ́ọ̀sì mọ́ ìbọn: bí ihò rẹ̀ bá kéré, ẹ kàn ra họ́ọ̀sì ńlá lásán ni. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré ńkọ́? Á tú nọ́ọ̀tì kìíní, á tú ìkejì, tó bá di ìkẹta, ìbọn á máa ró gbà-gbà-gbà, nọ́ọ̀tì ò ní mira. Ẹ ó wá máa dúró de tánkì kó kún, nọ́ọ̀tì mẹ́wàá sì lè wà lára táyà kan. Omi tún ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ń ṣí omi ìdí tánkì dànù lójoojúmọ́, á bá afẹ́fẹ́ wọ inú ìbọn, inú rẹ̀ á dípẹtà, agbára rẹ̀ á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa kán ọ́ìlì tirẹ̀ sí i lẹ́nu kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Sípánà onígíà kò mọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kò mọ iná. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 1:58: ọwọ́ á yí nígbà 58 kí nọ́ọ̀tì tó yí lẹ́ẹ̀kan. Òun ni wọ́n ṣe ń sọ pé ó lọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi í tú nọ́ọ̀tì dé òpin. Bí nọ́ọ̀tì bá ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi sípánà táyà lásán parí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀, irin tó fi ń tira kí òun fúnra rẹ̀ má bàa yí, ni kí ẹ ṣọ́. Ó gbọ́dọ̀ fara ti nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ dáadáa, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì, orí tó ń gbá nọ́ọ̀tì mú, sì ti wọlé dé ìdí. Bí ó bá kàn fi etí kàn án, á yọ̀. Ìka tó bá há sáàárín ẹsẹ̀ yẹn àti nọ́ọ̀tì, fífọ́ ló máa fọ́, torí ọwọ́ tó ń yí gíà kì í mọ bí agbára tó wà níwájú ti pọ̀ tó. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ yí i. Eyín gíà á jẹ.

Ní ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 33 mm ló wọ́pọ̀ fún bóòtù M22 (èyí tó nípọn tó 22 mm), 32 náà wà. Èyí tó bá tóbi jù á jẹ igun nọ́ọ̀tì. Ti ìbọn gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú tí wọ́n ṣe fún un, torí èyí tó ń dán lè fọ́ síni lójú. Ìbọn ń pariwo, ẹ dí etí.

Bó bá di fífún nọ́ọ̀tì padà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìkankan nínú méjèèjì. Ìbọn lè fún un títí bóòtù á fi nà. Bóòtù M22×1.5 lórí táyà tí ihò àárín ríìmù rẹ̀ jókòó sórí họ́ọ̀bù (hub-piloted) sábà máa ń gba 610 sí 680 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ tiyín, kí ẹ fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì, parí rẹ̀, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń tú táyà láti àárọ̀ dalẹ́, tó sì ti ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá, kí ó ra ìbọn. Kò sí ohun tó yá tó o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré, mẹkáníìkì tó ń lọ bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà, àti awakọ̀ fúnra rẹ̀: sípánà onígíà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Owó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ẹ kò ná, ẹ fi ra torque wrench.