Arrow rest tí mo yàn fún ọrun ọdẹ mi ní Òṣogbo

Tí ẹ bá ń fi ọrun compound ṣọdẹ, ìyẹn ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lókè àti nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọrun fúnra rẹ̀, arrow rest ni kí ẹ fẹ̀sọ̀ yàn jù lọ. Òun ni ọfà ń gbé ara lé láti ìgbà tí ẹ bá ti ń fa ọsán títí tí ọfà yóò fi kúrò lára ọrun. Mo ti lo irú méjì tó gbajúmọ̀: èyí tó máa ń wó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti èyí tí irun búrọ́ọ̀ṣì yí ọfà ká. Oníbúrọ́ọ̀ṣì ló wà lára ọrun mi báyìí, Whisker Biscuit ni, òun náà ni mo sì ń sọ fún ọdẹ agbègbè wa pé kó rà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọdẹ tí mo ń ṣe ná. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lọ́nà Ìrágbìjí ni mo máa ń lọ, níbi tí ọ̀yà ti ń bá àgbẹ̀ jẹ oko. Igbó ibẹ̀ dí. Bí ẹran bá jìnnà tán, kì í ju yáàdì 20 lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ka kọjá, ọfà á sì ti wà lójú ọsán. (Igbó Ọ̀ṣun kò sí níbẹ̀ o. A kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn sọ pé Olútìmẹ́hìn, ọdẹ erin, wà lára àwọn tó tẹ Òṣogbo dó.) Irú rest tó ní ìka irin méjì lásán tí ọfà kàn jókòó lé kò wúlò fún irú ìrìn yìí. Ẹ dẹ ọrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọfà ti bọ́.

Èyí tó ń wó sílẹ̀ dára ní èrò. Ahọ́n kékeré kan máa ń gbé ọfà sókè bí ẹ bá ń fa ọrun. Bí ẹ bá tú ọsán sílẹ̀, ahọ́n á wó kí ìyẹ́ ọfà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹ́ kò ní rí nǹkan fara gbún, ọfà á sì lọ geere. Ẹni tó ń ta ọfà sójú àmì láti yáàdì 60 kò lè fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n okùn kan ló ń darí ahọ́n yẹn, ìdí okùn yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ okùn ẹ̀gbẹ́ ọrun, ìyẹn okùn mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsán, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á. Òun ló ń fa ahọ́n dìde. Àwọn mìíràn ń so ó mọ́ apá ọrun. Nígbà tí a kò bá tíì fa ọrun, okùn á le, á di ahọ́n mọ́lẹ̀; bí apá ọrun bá tẹ̀, okùn á dẹ̀, sípíríǹgì á gbé ahọ́n sókè. Bí okùn ti àkọ́kọ́ bá já nínú igbó, ahọ́n kò ní dìde mọ́, ẹ múra ilé. Bí ti èkejì bá já, ahọ́n á dúró sókè, ẹ ṣì lè ta ọfà, bí ìyẹ́ tilẹ̀ máa kàn án. Nítorí náà, tó bá jẹ́ èyí tó ń wó ni ọkàn yín fẹ́, ẹ gba ti apá ọrun.

Ti okùn ẹ̀gbẹ́ ni mo lò, n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìdè okùn náà ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀yà ńlá kan yọ sétí ebè, mo fa ọrun tán, ahọ́n kò dìde dé ibi tó yẹ. Mo rọra dá ọsán padà, ọ̀yà sì bá tirẹ̀ lọ. Láti tún okùn náà so bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ apá ọrun kí ọsán lè dẹ̀ ló gbà, n kò sì rí ṣọ́ọ̀bù tó ní in láti Òkè-Fìà dé Ọjà Ọba. Àgbà ọdẹ kan tí a jọ máa ń rìn wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, ṣebí àwọn baba wa sọ pé bí ọsán bá já, ọrun á di ọ̀pá. Kí ló dé tí ẹ tún wá okùn mìíràn kún un?” Mo ní, “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá.” Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì kò ní okùn, kò ní sípíríǹgì. Irun líle ló yí ihò kan ká, ọfà wà láàárín. Ẹ yí ọrun sódì, ẹ sáré, ẹ wọ abẹ́ igi, ọfà kò ní kúrò. Ìyẹ́ ọfà á gba àárín irun náà kọjá, ibẹ̀ sì ni àléébù irú rest yìí wà: irun á gba díẹ̀ nínú eré ọfà, ìyẹ́ tó bá rọ̀ á sì máa ká. Ẹ má fi ìyẹ́ ẹyẹ sí i. Ìyẹ́ ike tó kúrú tó sì le ni kí ẹ lò. Ní ti eré, ọfà tó ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 270 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á dé yáàdì 20 kí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Díẹ̀ tí irun gbà níbẹ̀ kò lè gba ẹran lọ́wọ́ yín. Ariwo ló yẹ kí a bẹ̀rù. Ìró ń sáré ju irú ọfà bẹ́ẹ̀ lọ ní bí ìlọ́po mẹ́rin, ọ̀yà á ti gbọ́ ọrun kí ọfà tó dé. Bí ọfà bá ń fara ra irun nígbà tí ẹ ń fà á, ó lè ṣe ṣìì díẹ̀. Ẹ rọra fà á. Irin kankan kò ní dún.

Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kan oníbúrọ́ọ̀ṣì ni pé omi máa ń di yìnyín nínú irun rẹ̀. Ìyẹn kò kàn wá. Lásìkò òjò, mo máa ń gbọn omi dànù. Lásìkò ọyẹ́, mo máa ń fẹ́ eruku kúrò.

Ẹ lè fọwọ́ ara yín dè é. Allen key, irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí bóòtì, ti tó, ẹ ó rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ihò bóòtì 5/16 íǹṣì wà lára ọrun lókè ibi tí ẹ ń dì mú. Ẹ jẹ́ kí ọfà kọjá ní ọ̀gangan àárín ihò yẹn. Ní ti ọ̀tún àti òsì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àárín ọfà ti jìnnà sí ara ọrun ní 13/16 íǹṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ na ìwé ìròyìn sínú férémù igi, kí ẹ dúró nítòsí, kí ẹ ta ọfà gba inú rẹ̀, kí àpò ìdọ̀họ tí ẹ ki àkísà sí wà lẹ́yìn. Bí ojú ibi tí ìyẹ́ ti ya ìwé bá ga ju ojú ibi tí orí ọfà gbà wọlé lọ, ẹ gbé rest sókè díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni o, kí ẹ sì tún ta á lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Níbi yìí ni kí ẹ ti lo sùúrù jù, torí rest olówó iyebíye tí a kò dè dáadáa kò sàn ju ti ẹgbẹ̀rún náírà lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ nǹkan méjì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó: ọwọ́ tí ẹ fi ń fa ọsán, ọ̀tún ni àbí òsì, àti bí ọfà yín ṣe sanra tó. Bí ọfà bá tínrín ju ihò rẹ̀ lọ, á máa mì. Bó bá sanra jù, irun á máa di ọfà mú.