Ìlù Tókunbọ̀ Tí Ẹgbẹ́ Boys' Brigade Wa Rà ní Ọ̀fà

Ìlù snare (ìlù olójú méjì tí wáyà tín-ín-rín wà lára rẹ̀) tókunbọ̀ tí a rà fún ẹgbẹ́ Boys' Brigade ìjọ wa jẹ́ irú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ onílù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gbé wọ pápá nígbà ìdíje Drum Corps Europe, èyí tó ti wáyé rí ní ìlú Kerkrade ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 14, ó sì ga tó íńṣì 12. Fọ́nrán líle tí wọ́n ń pè ní Kevlar ni wọ́n fi hun ojú ìlù náà, ìdí nìyí tí a fi lè fà á le koko débi pé, bí ọ̀pá tilẹ̀ ń sáré lórí rẹ̀, ìró kọ̀ọ̀kan á ṣì máa dá dún ketekete bíi ti kànnàngó.

Àmọ́ ó wúwo púpọ̀. Irin àgbékọ́ èjìká, tó ń mú kí ìlù náà tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú ẹni tó ń lù ú, tóbi ju àwọn ọmọ kékeré lọ, a sì ní láti wá wẹ́dà tó gé e kù. Ẹni tó tà á (ọjà tókunbọ̀ ṣáà ni) kò fi kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fún ojú ìlù kún un. Síbẹ̀, owó tí a ná kò dùn mí. Àwọn àgbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ó máa lò ó. Kí àwọn kékeré ṣì máa lo èyí tí a ń fi bẹ́líìtì gbé kọ́ ọrùn.