DeepLabCut lẹ́nu ìdánwò oògùn apàrora lára kòkòrò

Ẹni tó fún kòkòrò ní oògùn apàrora kò lè bi í léèrè bóyá ara ti tù ú. Ìṣesí rẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka DeepLabCut, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń tọpa ẹ̀yà ara ẹranko nínú fídíò, tí Alexander Mathis, Mackenzie Mathis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2018, sí irinṣẹ́ tó yẹ iṣẹ́ yìí gan-an.

Èèyàn yóò fọwọ́ sàmì sí ẹ̀yà ara tó fẹ́ máa ṣọ́ lórí nǹkan bí 200 àwòrán tó yọ láti inú fídíò, ètò náà yóò sì ti ibẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa dá ẹ̀yà náà mọ̀ nínú ìyókù. A kò ní kun kòkòrò lọ́dà, a kò sì ní lẹ nǹkan kan mọ́ ọn lára. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ kòkòrò lè mú kí ó máa fẹsẹ̀ nu ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìnura yẹn gan-an ni a fẹ́ wọ̀n.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà gé ṣóńṣó ẹsẹ̀ àwọn oyin kan, wọ́n sì gbé omi ṣúgà lásán àti èyí tó ní mọ́fìn, oògùn apàrora líle kan, síwájú wọn. Àwọn tó fara pa kò yan mọ́fìn ju àwọn tí ara wọn pé lọ. Ṣe ni àwọn tí a gé lẹ́sẹ̀ ń mu méjèèjì púpọ̀ sí i. Ìwọ̀n ohun tí oyin mu nìkan kò lè tú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù fi irin tó gbóná dé ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kan ọ̀kan nínú ìwo méjèèjì (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ orí tí wọ́n fi ń gbóòórùn) àwọn oyin ńlá onírun, ìwo tí a fi irin kàn ni wọ́n ń nu jù. Tí a bá sàmì sí ṣóńṣó ìwo méjèèjì àti ẹsẹ̀ iwájú, ohun tí DeepLabCut bá tọpa yóò jẹ́ kí a lè ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ dé ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwo náà, ṣáájú oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí kò ní GPU (ẹ̀yà tó ń yára ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà) yóò pẹ́ gan-an lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. Ohun tó gba àkíyèsí jù ni pé oògùn tó kàn mú kòkòrò rẹ̀wẹ̀sì yóò dín ìnura kù bákan náà, ètò yìí kò sì lè fìyàtọ̀ sí i. Nítorí náà, ó pọn dandan kí a fún àwọn tí kò fara pa ní oògùn kan náà, kí a sì wọn bí ìrìn wọn ṣe yá tó, èyí tí a lè ṣírò láti inú fídíò kan náà.