GTA V àbí Red Dead Redemption 2: èwo ni kí o kọ́kọ́ gbá?

Ilé-iṣẹ́ Rockstar Games ló ṣe géèmù méjèèjì, ìwà ọ̀daràn sì ni ìtàn méjèèjì dá lé, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ síra gan-an.

GTA V (Grand Theft Auto V) jáde ní 2013. Los Santos, ìlú tí wọ́n wo Los Angeles dá, ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé. Ẹni mẹ́ta lo máa ń darí: Michael, Franklin àti Trevor. Olè ńlá tí wọ́n ń jà ló dùn jù. Ìwọ lo máa yan ọgbọ́n tí ẹ máa dá àti àwọn tí ẹ jọ máa lọ. Bí o bá mú ẹni tí kò mọṣẹ́ torí pé owó rẹ̀ kéré, o lè jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Red Dead Redemption 2 ti 2018 kì í kánjú ní tiẹ̀. Amẹ́ríkà ọdún 1899 ni, òfin ti ń há àwọn ìgárá mọ́. Irùngbọ̀n Arthur Morgan, ìgárá tí o máa ń darí, ń hù, ìbọn tí kò bá nù ń dọ̀tí, ẹṣin rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú. Tó bá ṣí dúrọ́ọ̀, ọwọ́ ló fi ń mú nǹkan inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sú àwọn kan. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí ìfarabalẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Arthur wọ̀ mí lára.

Bí àkókò rẹ kò bá pọ̀, mú GTA V. Ní ti ìtàn, Red Dead 2 ló borí. PEGI 18 ni méjèèjì (àmì ọjọ́ orí géèmù ní Yúróòpù: ẹni ọdún méjìdínlógún sókè), ẹ má gbé e fún ọmọdé.