Goodrich Castle àti igbó tó yí i ká: ẹsẹ̀ ló máa sanwó jù

Ẹ̀yin ará Birmingham, Bristol àti Cardiff tẹ́ ẹ máa ń sọ pé yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti òde àríyá kò síbi téèyàn lè kó ìdílé ẹ̀ lọ ní wíkẹ́ǹdì, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Goodrich ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, abúlé kékeré kan ní Herefordshire lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Wye, níbi tí ilẹ̀ England ti fẹ́ẹ̀ kan Wales, ilé olódi àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ti wó, igbó sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ lẹ máa jáde. Mo fún ilé olódi yẹn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Igbó yẹn gba márùn-ún gbáko. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ jẹ́ n dé bẹ̀ ná.

Kò sí rélùwéè tó dé Goodrich o. Bọ́ọ̀sì máa ń ti Ross-on-Wye gba ibẹ̀ kọjá àmọ́ ẹ má gbára lé e, pàápàá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mọ́tò ni kẹ́ ẹ gbé. Láti Birmingham, M5 lẹ máa gbà, ẹ yà sí M50, ẹ tọ̀ ọ́ dé òpin ẹ̀ ní Ross, ẹ wá gba A40 díẹ̀ lẹ máa rí àmì abúlé yẹn. English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ní England, ló ń bójú tó ilé olódi náà. Tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì dínwó ju ti ẹnu ọ̀nà lọ, mẹ́ńbà ò sì sanwó rárá, àgbàlagbà tó bá jẹ́ mẹ́ńbà lè kó ọmọ ẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ mẹ́ta mẹ́rin nílé, ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ra ti ọjọ́ kan. Ẹ tún wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, lásìkò òtútù kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn ò fi okùn dínà gbogbo nǹkan mọ́ èèyàn. Ẹ máa gòkè, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fọwọ́ kan ògiri tó ti dúró láti bí 700 ọdún. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ lé, òkúta ẹ̀ pupa bí ojú ọ̀nà oko, inú àpáta yẹn náà ni wọ́n gbẹ́ yàrà sí, òkúta tí wọ́n gbẹ́ jáde níbẹ̀ ni wọ́n sì fi mọ odi. Ẹ dúró lórí afárá ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ bojú wo ìsàlẹ̀ yàrà yẹn, ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó bá lóun fẹ́ jagun wọbẹ̀ láyé ọjọ́un ti dágbére fún ará ilé ẹ̀. Àárín ni ilé gogoro kan wà tí òkúta tiẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, òun lẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn ògiri pupa tó yí i ká ò dé títí di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, lásìkò William de Valence, ọmọ ìyá Ọba Henry kẹta, ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá yàtọ̀.

William kú ní 1296, ìyàwó ẹ̀ Joan ló wá ń gbébẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ ìnáwó ilé obìnrin yẹn sí ṣì wà títí dòní, èrò tó ń jẹ tó ń mu lọ́dọ̀ ẹ̀ sì máa ń tó 200 nígbà míì. Èèyàn 200, kò sí kúlà, kò sí gáàsì! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fo ilé ìgbẹ́ wọn, ẹ má rẹ́rìn-ín, odidi ilé gogoro kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ní. Ẹni tó bá ti gbàlejò pọ̀ rí nínú fúláàtì onítọ́ílẹ́ẹ̀tì kan máa mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni àwọn tó kọ́ ọ.

Àmọ́ ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ọ̀dọ̀ ìbọn àgbá tó wà nínú àgbàlá, Roaring Meg ni wọ́n ń pè é. Ó kúrú, ó ki, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ débi pé orí ọmọdé lè wọ inú ẹ̀, ọmọ mi ló dán an wò, ohùn ẹ̀ ń dún bí ẹni wà nínú ìkòkò. Agbègbè yẹn gan-an ni wọ́n ti rọ ọ́ ní 1646, nígbà ogun abẹ́lé láàárín Ọba Charles kìíní àtàwọn ilé aṣòfin. Sir Henry Lingen ló wà nínú odi fún ọba, Colonel John Birch ló dó tì í, ìbọn tó kó wá ò tó nǹkan kan lára ògiri yẹn, ló bá ní kí wọ́n rọ àgbá tó lè ju bọ́ǹbù tó wúwo tó bí 90 kílò. Wọ́n ba ọ̀nà omi wọn jẹ́, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ odi, Meg ń bú ramúramù lókè, ilé gogoro igun kan ya lulẹ̀, àwọn ará inú ilé náà sì túúbá. Ẹ wo igun àríwá ìwọ̀-oòrùn, òfìfo tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Meg ni. Lẹ́yìn ogun, ilé aṣòfin ní kí wọ́n ba ibẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má tún lè fi ṣe ibi ìsádi, wọ́n wá fún Countess of Kent tó ni ín ní £1,000 owó gbà-máà-bínú, ìyá náà gbowó, kò sì tún un kọ́. Èmi náà ò ní kọ́ ọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá láìwò. Nínú ṣápẹ́ẹ̀lì, fèrèsé aláwọ̀ mèremère kan wà tí wọ́n fi síbẹ̀ ní 1992, ìrántí àwọn tó kú nídìí iṣẹ́ rédà ni, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè. June 7, 1942, ọkọ̀ òfuurufú Halifax kan já sí Welsh Bicknor tí kò jìnnà síbẹ̀, rédà tuntun kan ni wọ́n ń dán wò nínú ẹ̀, èèyàn 11 tó wà nínú ẹ̀ ló kú, Alan Blumlein wà lára wọn, ọkùnrin tó gbàwé ẹ̀tọ́ lórí sítẹ́rìò ní 1931. Gbogbo orin tẹ́ ẹ ń gbọ́ tí ìlù ń bọ̀ lápá ọ̀tún tí gìtá ń bọ̀ lápá òsì, ọkùnrin yẹn lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí tí wọn ò fi kọ ọ́ gàdàgbà gadagba sí ẹnu ọ̀nà ò yé mi.

Kí ló wá yọ ìràwọ̀ kan kúrò lára ti ilé olódi yẹn? Àtẹ̀gùn. Èyí tó gun ilé gogoro eérú yẹn ń yí lọ́ọ́lọ́ọ́, ó há, ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ ò lè pàdé níbẹ̀ kí ẹnì kan má padà sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn wò ó lókè wò ó nílẹ̀, wọ́n ní "Bàbá Tíwà, ẹ máa lọ o, èmi á jókòó ti àgbá yín níbí." Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni wọ́n sọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó má gùn ún, kẹ̀kẹ́ ọmọ ò wúlò, kò sì sí òrùlé lórí ilé yẹn, tí òjò bá dé ó ti dé nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá gùn ún dókè á rí odò Wye, á rí oko, á rí igbó títí dé Wales, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì lè gbé gèlè lọ, mo sọ fún yín o.

Oúnjẹ. Káfẹ́ kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tíì àti kéèkì wọn dáa, ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé oúnjẹ kan wà lọ́nà tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, a jókòó, wọ́n gba ọ́dà, a dúró títí, wọ́n wá ní àwọn ti ti kíṣíìnì, owó nǹkan mímu tá a ti mu nìkan ni wọn ò gbàgbé láti gbà. Ẹ se ìrẹsì yín, ẹ dín ẹja yín, ẹ dì í sínú kúlà. Orí koríko ìta ilé olódi yẹn lèèyàn ti lè jẹun ní ìrọ̀rùn.

Ó wá kan igbó, ibi tí ọ̀pọ̀ ò dé torí wọ́n á ti wọ mọ́tò padà sílé. Láti inú abúlé lẹ lè gun Coppet Hill, òkè yẹn ga tó 188 mítà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ le, tẹ́ ẹ bá ti dókè ó tán, ẹ máa rìn lórí ẹ̀ títí kẹ́ ẹ fi sọ̀ kalẹ̀ sétí odò tẹ́ ẹ sì máa tọ̀ ọ́ padà, torí odò Wye yí òkè náà po. Ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni, kò gba kọ́bọ̀.

Tẹ́ ò bá lè rìn tó yẹn, ẹ wakọ̀ lọ sí Symonds Yat Rock, kò jìn, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ tóóró, ẹ rọra. Ibẹ̀ ti wà nínú igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní Forest of Dean, wọ́n ń gbowó páàkì. Láti orí àpáta yẹn lẹ máa rí odò náà tó lọ tó tún padà wá sápá kejì yín, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Lásìkò tí ẹyẹ ń pamọ, àṣá tí wọ́n ń pè ní peregrine máa ń wà lára àpáta ibẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ sì máa ń gbé awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra síbẹ̀ kéèyàn fi wò wọ́n. Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan ló pe ọmọ mi wá sídìí awò ẹ̀, ó sì sọ fún un pé ẹyẹ yẹn ló yára jù láyé tó bá ń já bọ̀ lórí ohun tó fẹ́ pa, látìgbà náà ni ọmọ yẹn ò jẹ́ ká sinmi lórí ọ̀rọ̀ àṣá nílé.

Ìsàlẹ̀ ni Symonds Yat East wà. Ọ̀nà tí rélùwéè ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ó tẹ́jú, ọmọdé lè rìn ín, ẹ máa tọ̀ ọ́ títí dé afárá Biblins tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ sókè omi. Afárá yẹn ń mì! Tẹ́nì kan bá ń fò lórí ẹ̀, gbogbo yín lẹ máa jó. Ẹ gba òdìkejì padà, òkè lápá ibẹ̀ ni ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní King Arthur's Cave wà, wọ́n ti hú egungun erin onírun àti ìkookò jáde níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbowó, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ẹ kàn mú tọ́ọ̀ṣì dání. Tẹ́ ẹ bá wá dé Symonds Yat West, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín sọdá, kò ní ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á dúró á máa fọwọ́ fa okùn tó wà lókè orí ẹ̀ títí ẹ fi gúnlẹ̀. Ẹ mú ṣéńjì dání. Tí odò bá kún, wọn kì í ṣiṣẹ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sọdá afárá kẹ́ ẹ má baà rin ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìmàdò wà nínú igbó Dean, òótọ́ ni, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti fimú tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọn kì í wá èèyàn níjà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ìyá ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, ẹ yà fún un, ajá yín kó wà lókùn. Nẹ́tíwọọ̀kì fóònù máa ń lọ pátápátá létí odò, ẹ da máàpù sílẹ̀ sórí fóònù látilé. Apá ìparí April sí May ló dáa jù, òdòdó bluebell á ti bo ilẹ̀, ewé aáyù inú igbó á máa ta sánsán. Ìgbà òtútù, ẹrẹ̀ ibẹ̀ á gba bàtà lẹ́sẹ̀ yín, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣe é wọ̀ débẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan lẹ ní, ẹ wọ ilé olódi nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn kí èrò tó pọ̀, ẹ jẹun ọ̀sán níta ibẹ̀, ẹ fi ìyókù ojúmọ́ rin ọ̀nà Biblins. Coppet Hill yẹ lọ́jọ́ tiẹ̀.